Ẹ sùn sínú odi: ìtọ́sọ́nà sí àwọn ìlú àtijọ́ ní ìgbèríko Sípéènì, láti Sigüenza dé Albarracín

Ọ̀pọ̀ ará wa tó ń dé Sípéènì, Madrid àti Barcelona ni wọ́n máa ń rí. Èyí tó bá tilẹ̀ ní òun fẹ́ fojú kan ìlú àtijọ́, bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò afẹ́ ni yóò gbé e láàárọ̀, yóò ya fọ́tò níwájú odi, yóò jẹun ọ̀sán, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti padà sí Madrid. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, àmọ́ kì í ṣe ìlú ló rí. Èrò bíi tirẹ̀ ló rí. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ àlejò ni àwọn ìlú olódi yìí máa ń wà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn onílé máa ń gbé àga síta, tí àwọn ọmọdé á máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí nǹkan kan ni mo gbé e kà: ẹ dín iye ìlú kù, kí ẹ sì sùn sínú odi.

Ẹ yan ọ̀nà kan, ẹ má yan méjì

Ìlú olódi kún Sípéènì bámú. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Los Pueblos Más Bonitos de España, tó ń ṣa àwọn ìlú kékeré tó rẹwà jọ. Àwọn tó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn ti lé ní 100. Àkọsílẹ̀ náà wúlò, ṣùgbọ́n ó lè tan èèyàn. Ẹ ó rí ìlú mẹ́fà tó sún mọ́ra lórí máàpù, ẹ ó ní kí ẹ fi ọjọ́ méjì yí gbogbo wọn po. Orí òkè ni wọ́n wà, ọ̀nà wọn lọ́ bí ejò, ilé oúnjẹ wọn sì ní wákàtí tó ń ṣí. Ìlú mẹ́ta lóòjọ́, eré sísá nìyẹn.

Láti Madrid, ọ̀nà méjì ló dára fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀kan gba àríwá: Segovia, Pedraza, Sepúlveda. Ọjọ́ mẹ́ta tó o. Èkejì gba ìlà-oòrùn: Sigüenza, Atienza, Molina de Aragón, Albarracín, Teruel. Ọjọ́ mẹ́fà ni ìyẹn ń fẹ́, òun sì ni n ó tẹ̀lé jù níhìn-ín, torí èrò ibẹ̀ kò pọ̀ tó ti apá Segovia, ìtàn àwọn ìlú náà sì wọnú ara wọn.

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ààlà ogun ni gbogbo agbègbè yìí. Mùsùlùmí ló ni apá gúúsù, Kìrìsìtẹ́nì ló ni apá àríwá, ààlà náà sì ń sún síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí ọba Castilla, ìjọba Kìrìsìtẹ́nì kan, gba Toledo lọ́dún 1085 pàápàá, ìjà kò tán. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkàn balẹ̀ sùn, àfi kó kọ́lé sórí àpáta kó sì mọ odi yí i ká. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi gun òkè títí orókún yín á fi máa ké, òun náà ló sì fà á tí mọ́tò kò fi lè wọ àárín ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá mú ìyá tàbí bàbá àgbà dání, Sigüenza àti Teruel ni kí ẹ fi ọjọ́ tó pọ̀ sí. Albarracín á fìyà jẹ wọ́n.

Ìwé tí ẹ nílò

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ BLS ló ń bá ìjọba Sípéènì gba ìwé ìbéèrè ní Èkó àti Àbújá. Ẹni tó ń gbé ní Ìlú Ọba pẹ̀lú ìwé ìgbélùú, ibẹ̀ ló ti máa béèrè. Yúrò 90 ni owó físà fún àgbàlagbà, owó iṣẹ́ BLS sì wà lọ́tọ̀. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ ku ohun tó dín ní ọjọ́ 15. Ẹ nílò ìnṣọ́ránsì ìlera tó tó yúrò 30,000, àkọsílẹ̀ owó ní báńkì, àti ẹ̀rí ibi tí ẹ ó sùn lálaalẹ́. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà. Ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180 ni wọ́n fún un.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe: ẹ kọ ojú ìwé kan tó ṣàlàyé ọ̀nà yín, ìlú sí ìlú, alẹ́ sí alẹ́. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò ti rí ẹgbàágbèje ẹni tó ní Madrid ni òun ń lọ. Ẹni tó ní Teruel ni òun ń lọ, ó lè fẹ́ mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé yín ti dáhùn kó tó béèrè. Yàrá tí wọ́n gbà kí èèyàn fagi lé láìsan owó ìtanràn ni kí ẹ gbà, títí físà á fi jáde.

Oṣù wo, ọjọ́ wo

Ìparí oṣù kẹrin sí àárín oṣù kẹfà dára. Oṣù kẹsàn-án sí àárín oṣù kẹwàá náà dára. Oòrùn wà, àmọ́ kò lágbára jù, àwọn ibi ìbẹ̀wò sì ń ṣí.

Ẹ má fojú kéré òtútù. Ìlú wọ̀nyí ga ju ìpele òkun lọ dáadáa. Albarracín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 1,200. Láàárín Molina de Aragón, Calamocha àti Teruel ni ibi tí àwọn ará Sípéènì fi ń ṣe àpẹẹrẹ òtútù. Ní Calamocha, ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1963, òtútù bọ́ sí 30 nísàlẹ̀ òdo. Kódà nínú oṣù karùn-ún, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ó wá súwẹ́tà.

Oṣù kẹjọ tún yàtọ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ ìlú tó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Madrid, Valencia tàbí Barcelona ń padà wá ilé bàbá wọn, tí ìlú kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe ọdún tirẹ̀. Ìlú tí kò ní ju igba èèyàn lọ nígbà òtútù lè kún fọ́fọ́. Ó dùn láti wò, ṣùgbọ́n ẹ ó wá yàrá tì bí ẹ kò bá ti gbà á láti oṣù mélòó kan ṣáájú. Bákan náà ni ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Ajínde, àti àwọn ìsinmi tí wọ́n ń so mọ́ òpin ọ̀sẹ̀: May 1, October 12, November 1, December 6 àti 8.

Ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Ajínde ní ohun kan tí ọmọ Yorùbá tó fẹ́ràn ìlù kò gbọdọ̀ gbójú fò. Ní apá ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ Teruel, ní àwọn ìlú bíi Calanda àti Híjar, ìlù ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀. Ní Híjar, òru Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ní Calanda, agogo méjìlá ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì Rere ni. Gbogbo ìlú á dúró jẹ́jẹ́ ní gbàgede, àmì á dún, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìlù á sì sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Calanda ni wọ́n bí Luis Buñuel tó ń ṣe fíìmù sí. Àjọ UNESCO kọ àṣà ìlù yìí sínú ìwé ogún àṣà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn lọ́dún 2018. Kì í ṣe ìlù tó ń sọ̀rọ̀ bíi tiwa o; ariwo ńlá kan ṣoṣo ni, tí àyà èèyàn á máa bá a gbọ̀n.

Ní ti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀: ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń tì. Ní ìlú kékeré, àwọn kan kì í ṣí rárá àfi ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní òdìkejì, òpin ọ̀sẹ̀ ni èrò ń pọ̀, tí ilé àgbàsùn ń wọ́n, tí àwọn onílé sì ń fẹ́ kí èèyàn san owó alẹ́ méjì pọ̀. Bí mo ṣe máa ń bá èyí jà ni pé kí ẹ dé Sigüenza ní ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ ṣe Atienza ní àárọ̀ Àbámẹ́ta nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, kí ẹ wá wọ Albarracín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bí ẹ ṣe ń wọlé ni àwọn ará Valencia àti Zaragoza á máa jáde. Ní ọjọ́ Ajé, odi kò ní tìlẹ̀kùn, òpópónà kò ní tìlẹ̀kùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ó ni ìlú. Ohun tó lè tì ni ilé oúnjẹ. Kí ẹ tó dé, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé àgbàsùn yín èwo ló ń ṣí lálẹ́ ọjọ́ Ajé.

Bí ẹ ó ṣe rìn

Sigüenza ní ọkọ̀ ojú irin. Láti Chamartín ní Madrid, nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ ni. Ní àwọn òpin ọ̀sẹ̀ kan, ní ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé, wọ́n ń sá ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Tren Medieval, tí àwọn òṣèré tó wọṣọ ayé àtijọ́ ń dá àwọn èrò lára yá nínú rẹ̀. Ọmọdé á gbádùn ẹ̀. Fún ẹni tí kò lè wakọ̀, Sigüenza nìkan, alẹ́ méjì, ti tó ìrìn àjò.

Ẹni tó fẹ́ dé Albarracín kò lè sá fún mọ́tò. Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ tààrà láti Madrid sí Teruel. Zaragoza ni èèyàn ń yí gbà. Bọ́ọ̀sì láti Teruel sí Albarracín sì ṣọ̀wọ́n débi pé ọjọ́ yín á máa tẹ̀lé e bí ẹrú. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ òṣèlú: láti 1999 ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Teruel Existe ti ń pariwo pé kí ìjọba rántí pé àwọn náà wà láyé. Ìpínlẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000 kìlómítà níbùú lóòró, àwọn èèyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 135,000 lọ.

Fún mọ́tò, ẹ mú láìsẹ́ǹsì yín àti ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé tí ẹ gbà nílé kí ẹ tó kúrò. Láìsẹ́ǹsì Gẹ̀ẹ́sì oníkáàdì nìkan tó fún ẹni tó wá láti Ìlú Ọba, àmọ́ kó rántí pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ bíi ti Nàìjíríà. Àwọn tó ń fi mọ́tò háyà sábà máa ń béèrè káàdì kírẹ́díìtì tó ní orúkọ awakọ̀ lórí, kí wọ́n lè di owó ìdúró mú. Káàdì lásán lè má tó. Mọ́tò onígíà ọwọ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Bí onígíà tó ń yí fúnra rẹ̀ lẹ bá mọ̀ ọ́n wà, ẹ tètè sọ fún wọn.

Ní òpópónà márosẹ̀, 120 kìlómítà ní wákàtí kan ni òpin eré. Ní ojú ọ̀nà ìgbèríko, 90. Láàárín ìlú, ojú ọ̀nà tó ní ìlà kan lọ ìlà kan bọ̀, 30. Kámẹ́rà wà, owó ìtanràn á sì bá yín dé ibi tí ẹ ti háyà mọ́tò. Ní ilé epo, gasolina ni bẹntiróòlù, gasóleo tàbí diésel sì ni dísù. Ẹ wo inú ìdérí táǹkì kí ẹ tó mú ọ̀pá epo. Láàárín Alcolea del Pinar àti Monreal del Campo, ilé epo kò sún mọ́ra. Bí táǹkì bá ti dé ìdajì, ẹ rà. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, ẹ rọra wà á, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ igbó àti àgbọ̀nrín a máa já sójú ọ̀nà. Bí wàhálà bá dé, 112 ni nọ́ńbà.

Ẹ mú owó yúrò díẹ̀ lọ́wọ́. Káàdì ń ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀, àmọ́ àwọn abúlé wà tí kò ní ẹ̀rọ báńkì rárá.

Sigüenza: alẹ́ méjì

Bíṣọ́ọ̀bù ló gba ìlú yìí lọ́wọ́ Mùsùlùmí lọ́dún 1124, Bernardo ará ilẹ̀ Faransé. Láti ìgbà náà, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló ṣe olúwa ìlú: àwọn ló ni ilé olódi tó wà lórí òkè, àwọn náà ló ni kàtídírà tó wà nísàlẹ̀. Ìlú ń ṣàn láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ lo àárọ̀ kan gbáko nínú kàtídírà, torí kò jọ ṣọ́ọ̀ṣì, odi ni ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́. Àpá ogun abẹ́lé 1936 ṣì wà lára rẹ̀.

Nínú rẹ̀ ni sàréè Martín Vázquez de Arce wà, ọ̀dọ́mọkùnrin ológun tó kú nínú ogun Granada lọ́dún 1486. El Doncel ni wọ́n ń pè é. Ère òkú ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń tẹ́ wọn sílẹ̀ gbalaja, ọwọ́ lórí àyà. Òun ní tirẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ tilẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kan kọ́ èkejì, ó ń kàwé. Ẹ má kánjú níbẹ̀. Ẹ dúró kí àwọn tó tẹ̀lé amọ̀nà kọjá, kí ẹ wá wo ojú rẹ̀ dáadáa; lójú tèmi, kò sí ère mìíràn ní gbogbo ọ̀nà yìí tó tó o. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè yàrá ìmúra àlùfáà tí wọ́n ń pè ní Sacristía de las Cabezas, kí ẹ gbé ojú sókè: orí èèyàn tí wọ́n gbẹ́ sára àjà lé ní 300.

Ilé olódi àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti di Parador báyìí. Parador jẹ́ ilé ìtura ìjọba, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1928, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà nínú ààfin, ilé olódi àti ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́. Ogun abẹ́lé fọ́ èyí bàjẹ́, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ó rí jẹ́ àtúnkọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Síbẹ̀, bí apá yín bá ká a, ẹ sùn síbẹ̀ ní alẹ́ kan. Bí kò bá ká a, ẹ wọlé lọ mu kọfí. Wọn kì í lé èèyàn. Ilé àgbàsùn kéékèèké wà láàárín ìlú tí owó rẹ̀ rọrùn. Níbikíbi tí ẹ bá sùn, wọ́n á kọ nọ́ńbà ìwé ìrìnnà yín àti àdírẹ́sì yín sílẹ̀. Òfin ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kì í ṣe pé wọ́n fura sí yín.

Atienza, kí ẹ tó kúrò

Nǹkan bí 30 kìlómítà ni sí Sigüenza. Ẹ ó rí àpáta rẹ̀ lókèèrè, ilé olódi jókòó sórí rẹ̀ bí fìlà. Àwọn tó ń gbé ìlú náà báyìí kò tó 500, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ibẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ti sọ mẹ́ta di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ìtàn ibẹ̀ nìyí. Lọ́dún 1162, Alfonso Kẹjọ tó jẹ́ ọba Castilla ṣì jẹ́ ọmọdé, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń jọba ní León sì fẹ́ gbà á sọ́wọ́. Àwọn alájàpá tó ń fi ìbaaka kẹ́rù ní Atienza ló wọṣọ iṣẹ́ wọn fún ọmọ náà, wọ́n gbé e láàárín ẹrù àti ẹranko, wọ́n sì mú un jáde lójú àwọn ọ̀tá. Títí dòní, ní ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ẹgbẹ́ àwọn alájàpá náà ń gun ẹṣin láti ṣe ìrántí rẹ̀. La Caballada ni wọ́n ń pè é. Bí ọjọ́ yín bá bọ́ sí i, ẹ yí gbogbo ètò padà nítorí rẹ̀.

Gígun òkè ilé olódi kò gba àkókò, àmọ́ bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Èyí kan gbogbo ìlú tó wà nínú ìwé yìí. Òkúta ilẹ̀ wọn ti dán bí bàbà. Sálúbàtà àti bàtà gogoro, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní Madrid.

Ọ̀nà Albarracín

Láti Sigüenza, ẹ gba Alcolea del Pinar, kí ẹ bọ́ sí ọ̀nà N-211. Ó lé ní wákàtí méjì, ilẹ̀ gbalasa ni, ẹ lè wakọ̀ títí kí ẹ má pàdé mọ́tò kankan. Molina de Aragón ni kí ẹ ti jẹun ọ̀sán. Ilé olódi ibẹ̀ wà lára èyí tó tóbi jù ní Castilla. Bí ẹ kò bá ráyè wọ̀ ọ́, ẹ wò ó láti ojú ọ̀nà, ó tó. Lẹ́yìn náà ẹ kọjá Monreal del Campo, ẹ bọ́ sí A-23 lọ sápá Teruel, kí ẹ yà sí ọ̀tún nígbà tí ẹ bá rí orúkọ Albarracín.

Orúkọ ìdílé kan ló wà nínú orúkọ ìlú yẹn: àwọn Banu Razin, Mùsùlùmí ọmọ Berber, ẹ̀yà kan láti Àríwá Áfíríkà, tó ṣe ọba ibẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá títí àwọn Almoravid, ìjọba Mùsùlùmí mìíràn láti Àríwá Áfíríkà, fi gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1104. Lẹ́yìn wọn ni ìdílé Azagra, Kìrìsìtẹ́nì láti Navarra, jókòó síbẹ̀ tí wọ́n sì kọ̀ láti sìn Castilla, wọ́n kọ̀ láti sìn Aragón. Ọdún 1284 ni ọba Aragón tó fi ogun wọlé. Bí ẹ bá dúró létí odò Guadalaviar tí ẹ wòkè, ẹ ó mọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè ya alágídí tó bẹ́ẹ̀: odò yí ìlú po ní apá kan, àpáta gbé e sókè, odi sì gun òkè lẹ́yìn rẹ̀ lọ bámúbámú.

Ẹ gbé mọ́tò sí ibùdókọ̀ ìsàlẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ gòkè. Báàgì onítáyà kò ní bá yín ṣe é lórí òkúta. Báàgì ẹ̀yìn ló dára.

Mi ò ní to àwọn ibi tí ẹ ó lọ lẹ́sẹẹsẹ, torí ìlú kékeré ni, ẹ ó sì ṣìnà lọ́nàkọnà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Plaza Mayor. Ẹ jẹ́ kí òpópónà fà yín lọ sápá Portal de Molina, níbi tí Casa de la Julianeta ti fẹ̀gbẹ́ ti ọ̀nà méjì, tí kò sí igun kankan lára rẹ̀ tó gún. Amọ̀ gípsọ̀mù pupa àdúgbò yẹn ni wọ́n fi rẹ́ ilé wọn. Nítorí ẹ̀ ni gbogbo ìlú fi pọ́n bíi ilẹ̀ pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbomi. Òrùlé àwọn ilé kan sún mọ́ra débi pé ojú ọ̀run kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni ìtọ́jú rẹ̀: bí wọ́n bá tún ilé ṣe, gípsọ̀mù kan náà, pákó kan náà. Àjọ Fundación Santa María ló ń bójú tó iṣẹ́ àtúnṣe, àwọn náà ló sì ń mú àlejò wọ kàtídírà pẹ̀lú amọ̀nà. Ẹ lọ bá wọn láàárọ̀, kí ẹ mọ aago tí wọ́n ń gbéra. Èdè Sípáníìṣì ni wọ́n sábà fi ń ṣàlàyé.

Nígbà tó bá ku wákàtí kan kí oòrùn wọ̀, ẹ gun odi lọ sí Torre del Andador, ilé ìṣọ́ tó ga jù. Ọ̀nà náà dúró gangan, kò sì sí ibi dídìmú níbi púpọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń yí kó dúró ní ìdajì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ rin ọ̀nà ẹsẹ̀ tó tẹ̀lé odò lábẹ́ ìlú, ó tutù, ó sì rọrùn. Ẹni tó bá tún ní agbára kó lọ sínú igbó Pinares de Rodeno, tí kò jìnnà. Àwòrán ẹranko àti èèyàn tí àwọn ará ìgbà láéláé yà sára òkúta pupa wà níbẹ̀; UNESCO kọ wọ́n mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 1998. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jìyà. Oúnjẹ ọ̀sán wọn, láti aago méjì ni. Bí ẹ bá dé lẹ́yìn aago mẹ́ta ààbọ̀, ìdáná ti kú. Oúnjẹ alẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ ṣáájú aago mẹ́sàn-án níbi púpọ̀. Láàárín méjèèjì, ṣọ́ọ̀bù á tì, òpópónà á dákẹ́. Báà nìkan ló ṣí, búrẹ́dì oníwàrà-kásì sì ni ẹ ó rí jẹ níbẹ̀. Ẹ jẹun gidi lọ́sàn-án. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ béèrè menú del día: oúnjẹ àkọ́kọ́, ìkejì, ohun dídùn, búrẹ́dì àti ohun mímu, nǹkan bíi yúrò 12 sí 18.

Ní apá Sigüenza àti Atienza, ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n yan nínú ààrò ni kí ẹ béèrè, cabrito. Ní Aragón, agbègbè tí Albarracín àti Teruel wà, ọmọ àgùntàn ni, ternasco. Ẹran wọn rọ̀, ó dùn, kò sì ní ata rárá. Mo mọ àwọn tó ń gbé ata gígún sínú báàgì ọwọ́ lọ. Mi ò bá wọn wí.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà níbi tí ẹ kò fọkàn sí: nínú ọbẹ̀ ẹ̀wà, nínú ọbẹ̀ aláàyù tí wọ́n ń pè ní sopa castellana, nínú migas tó jẹ́ búrẹ́dì díndín, ọ̀rá rẹ̀ sì wà nínú àkàrà òyìnbó mìíràn. Teruel tilẹ̀ ni ìlú tí itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ rẹ̀, jamón, kọ́kọ́ gba àmì ìdánimọ̀ orírun ní gbogbo Sípéènì. Bí ẹ bá ní ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹlòmíì á yọ ẹran kúrò, á sì gé jamón wẹ́wẹ́ lé e lórí. Nítorí náà, ẹ sọ méjèèjì pọ̀: “No como cerdo, ni jamón.” Ẹran tí wọ́n pa lọ́nà ẹ̀sìn ṣọ̀wọ́n ní ìlú kékeré. Ẹja ni ẹ ó máa gbára lé: trucha tó jẹ́ ẹja odò, bacalao tó jẹ́ ẹja oníyọ̀, àti ẹyin.

Ìkíni àti ojú tí wọ́n fi ń woni

Ní ìgbèríko Sípéènì, èèyàn ń kí èèyàn. Ẹ kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tàbí báà kí ẹ má wí “Buenos días”, tó bá sì di lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, “Buenas tardes”. Kì í ṣe ọlọ́jà nìkan lẹ ń kí, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n kọ́ ní ìkíni nílé, ibí á ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju Madrid lọ. Wọn kì í tò gún régé ní ṣọ́ọ̀bù; ẹ béèrè “¿Quién es el último?”, ẹni tó dé kẹ́yìn á dáhùn, ẹ̀yin lẹ kàn lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn àgbààgbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì á wò yín. Ẹ kí wọn, ọ̀rọ̀ parí, àwọn míì á tilẹ̀ fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti wá. Aláwọ̀ dúdú kì í ṣe tuntun níbẹ̀ mọ́. Àwọn ará Senegal àti Mali ń ṣiṣẹ́ oko ní apá púpọ̀ ní Aragón. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání nígbà gbogbo, torí ọlọ́pàá lè béèrè ìwé.

Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé sábà máa ń tì. Ẹ wo ara ilẹ̀kùn: nígbà míì nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀, nígbà míì ará àdúgbò kan ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ẹ béèrè ní báà. Bí ẹnì kan bá wá ṣílẹ̀kùn fún yín, ẹ fi owó díẹ̀ sínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó jáde.

Teruel, kí ẹ tó padà

Ẹ fi ọ̀sán kan àti alẹ́ kan sí Teruel. Àwọn Mùsùlùmí tó kù sábẹ́ àwọn ọba Kìrìsìtẹ́nì, Mudéjar ni wọ́n ń pè wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló sì sọ ìlú náà di olókìkí: ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi bíríkì àti táìlì aláwọ̀ ewé àti funfun kọ́, tó jọ ilé ìpèrun. UNESCO kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1986. Ẹ gun ti El Salvador, kí ẹ wá wọ kàtídírà lọ wo àjà onípákó tí wọ́n kun. Sàréè Isabel de Segura àti Diego de Marcilla, àwọn olólùfẹ́ tí wọ́n ní ìfẹ́ pa, wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì San Pedro. Ní oṣù kejì ọdọọdún, gbogbo ìlú ń wọṣọ àtijọ́ láti ṣeré ìtàn wọn.

Láti Teruel sí pápákọ̀ òfuurufú Barajas, ẹ ka wákàtí mẹ́rin sílẹ̀ pẹ̀lú ìsinmi. Bí ó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ fi wákàtí kan kún un, nítorí gbogbo Madrid ló ń padà sílé lójú ọ̀nà A-2. Ẹ kún táǹkì ní Guadalajara, epo ibẹ̀ rọrùn ju ti ẹ̀bá pápákọ̀ lọ, kí ẹ sì ya fọ́tò mọ́tò yíká, pẹ̀lú nọ́ńbà epo àti kìlómítà, kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà.